Ife Tí Mo Fẹ́ Fọ̀

Yìnyín ti mu àtẹ̀gùn ilé ìpọntí wa dé orúnkún
nígbà tí mọ́tò oníbàárà láti Ọsáká dúró lẹ́nu ọ̀nà.
Ọ̀gbẹ́ni Wakasugi sọ̀ kalẹ̀, ó gbọn bàtà rẹ̀ pẹ̀pẹ̀.
Awakọ̀ rẹ̀ tẹ̀ lé e, ó di fìlà mọ́ àyà.
Bàbá ọkọ mi ò dìde. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin
kì í dìde nítorí owó.
Ó ní, "Fusae, gbé ife wá."

Ife funfun, òrùka aró méjì nísàlẹ̀ ikùn wọn,
bí ojú ejò tó ń wo ẹni tó ń mutí.
Bí ọtí bá mọ́, òrùka á dá ṣáká.
Bí kò bá mọ́, ejò á sọ.

Gínjò la kọ́kọ́ bù:
ìrẹsì tí a họ títí tó fi ku ọkàn rẹ̀ nìkan,
tí a fi òtútù tọ́ bí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé.
Ó ń ta sánsán bí ápù tí ọ̀bẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn.
Wakasugi fi yọ ẹnu, ó tu ú sí korobá,
ó kọ nǹkan sínú ìwé pélébé.
Bàbá gbé tirẹ̀ mì. Kò tu ọtí dànù rí láyé rẹ̀.

Nígórì tẹ̀ lé e, funfun kùù
bí omi ìrẹsì àkọ́fọ̀, ó ń ta ahọ́n pín-ín-pín-ín.
Lẹ́yìn náà, kímótò, èyí tí a fi igi gún lóru,
tí kíkan rẹ̀ dà bí ìbínú tó ti rọ̀.
Èmi ni mo gbé ìgò rẹ̀ sínú omi gbígbóná.
Mi ò lo ohun ìwọ̀n. Mo fọwọ́ kan ìdí ìgò,
mo sáré fọwọ́ kan etí mi.
Bí etí bá ti gba iná lọ́wọ́ ìka, ó ti tó.

"Ó dára," ni Wakasugi ń wí. "Èyí náà dára."
Mo ka "ó dára" méje,
kò sí èyí tó jáde láti ọ̀fun nínú wọn.

Ni Bàbá bá na kọ́kọ́rọ́ sí mi.

Àgbá ọdún tí ìyá ọkọ mi kú.
Kò sẹ́ni tó jí ṣọ́ ọ lóru ọjọ́ náà,
ó gbóná kọjá ààlà, a ò lè tà á,
a rọ ọ́ sínú ìkòkò, a tì í sábẹ́ àtẹ̀gùn.
Ọdún méjìlélógún. Ó ti wọ àwọ̀ oyin.

Wakasugi tọ́ ọ wò. Ó dákẹ́ díẹ̀.
"Èyí... ṣọ̀wọ́n," ló wí,
ó sì jáde lọ dáhùn fóònù tí n kò gbọ́ kó dún.

Mo kó ife, ó di ìdí omi.
"Ẹ jọ̀ọ́, mà," awakọ̀ ni,
"ṣé mo lè gbóòórùn rẹ̀?"
Òfin ò gbà á láàyè láti tọ́ ẹ̀kán kan wò.
Ó ti imú bọ ife òfìfo, ó dijú.
"Ilé ìyá ìyá mi," ló wí. "Ẹní tí oòrùn sá.
Èso kákì tí wọ́n so rọ̀ lábẹ́ òrùlé.
Omi sọ́yà tó ta sí ẹyín iná.
Àti ẹnì kan tó sùn lọ nídìí ààrò,
tí kò sẹ́ni tó fẹ́ jí i."

Bàbá gbé ife tirẹ̀ sílẹ̀ jẹ́ẹ́.
"Kí lorúkọ rẹ?"
"Hatsuo ni, sà."
"Fusae, má fọ ife yẹn."

Wakasugi ra gínjò, ogójì páálí.
Hatsuo gba ìgò kékeré kan tí mo fi ìwé ìròyìn wé,
ó gbé e sí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀,
ó sì fa bẹ́líìtì, ó so ó mọ́ ọn.

Ife náà wà lórí pẹpẹ.
Nígbà míì mo máa ń ti imú bọ̀ ọ́.
Eruku nìkan ló ń rùn níbẹ̀ báyìí.
Mi ò tíì fọ̀ ọ́.